Ẹsẹ̀ Ta La Fi Wọn Ilẹ̀ Yìí

Ihò keje nìyẹn, kò sì sí nǹkan kan nínú rẹ̀ ju omi àti ẹrẹ̀ lọ. Mo ju ṣọ́bìrì sílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin wò mí lójú, ó ní, "Ata wẹẹrẹ, má bẹ̀rẹ̀ o." Mo ní mi ò tíì sọ nǹkan kan. Ó ní ojú mi ti sọ ọ́.

Ẹ gbà mí, ta ni ò ní bínú? Ọjọ́ Ẹtì ni. Ọ̀sán ọjọ́ náà gan-an ni awọnlẹ̀ kánsù ń bọ̀, a sì ti ń gbẹ́lẹ̀ kiri bí òkété láti Ọjọ́rú. Bí awọnlẹ̀ bá dé tí omi ṣì dúró lórí oko wa, á kọ ọ́ sínú ìwé pé ilẹ̀ omi ni, kánsù á sì gbà á padà. Bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sínú àdéhùn láti ìbẹ̀rẹ̀ nìyẹn: ẹni tó bá wọn àbàtà yìí tó sì mú un gbẹ ló ni ín, òun àtàwọn ọmọ rẹ̀, títí di ọjọ́ tí omi bá tún gbà á. Omi sì ti gbà á. Àlùbọ́sà ẹsẹ̀ ilé ti ń jẹrà, òórùn rẹ̀ gba gbogbo inú yàrá.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé kí n tó máa bá ìbínú mi lọ. Ìdílé méje ló wá sí ìlú yìí lọ́jọ́un, nínú ọkọ̀ akẹ́rù kan tí kò ní ìbòrí. Níṣe ni wọ́n lé wọn kúrò níbi tí wọ́n ti wá. Ìwé ni wọ́n fi lé wọn: ẹnì kan mú ìwé dé láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó ní ilẹ̀ bàbá wọn kì í ṣe ilẹ̀ bàbá wọn mọ́. Nígbà tí wọ́n wá dé ibí, wọ́n bára wọn sọ ọ́ pé àwọn ò ní kọ ohunkóhun sílẹ̀ nípa ilẹ̀ mọ́ láéláé. Kò sí àwòrán, kò sí àkọsílẹ̀. Ohun tí a ò bá kọ, kò sẹ́ni tó máa rí i kà láti fi lé wa. Ọgbọ́n tiwọn nìyẹn, mi ò mọ ibi tí ọgbọ́n yẹn ti ń ṣiṣẹ́ àmọ́ kì í ṣe oko wa.

Àbàtà tí ewúrẹ́ gan-an ò jẹ́ wọ̀ ni ará ìlú fún wọn, wọ́n sì ń pè wọ́n ní ọmọ ẹrẹ̀. Àwọn ọmọ ẹrẹ̀ gbẹ́ kòtò, wọ́n to páìpù alámọ̀ sínú kòtò, wọ́n bò ó mọ́lẹ̀, omi gba abẹ́ ilẹ̀ lọ sódò. Ilẹ̀ dúdú tó kù lókè, tó ń dán, wọ́n gbin àlùbọ́sà sí i. Lónìí, bí ẹ bá ń wọ ìlú, àwòrán àlùbọ́sà ràgàjì ló wà lára pátákó tó ń kí àlejò. Wọ́n ya Baba wa náà sára ògiri ilé ìkàwé, ó na ọwọ́ síwájú bí ẹni tó ń darí ọkọ̀, wọ́n kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé, "Ẹni tó wọn àbàtà." Ìdílé méje ti ku mẹ́ta. Àwọn yòókù ti ta katakata wọn, wọ́n ti lọ ń ṣiṣẹ́ ọ́fíìsì.

Ibi tí gbogbo páìpù ti pàdé, àpótí bíríkì kan ni, wọ́n fi òkúta pẹlẹbẹ dé e lórí, ó rì wọlẹ̀ tó ìwọ̀n orúnkún. Àádọ́ta ọdún ló fi ṣiṣẹ́ láìdí. Lọ́dún yìí ló dí. Òpó tí wọ́n fi ṣàmì sí orí rẹ̀ ti jẹrà kí n tó gbọ́njú. A ò sì lè ti ojú odò gbẹ́ tẹ̀ lé páìpù wá, torí kánsù ti kọ́ ilé ìkẹ́rù lé e lórí, wọ́n tún da ọ̀dà sí títì. Ohun kan ṣoṣo tó kù lọ́wọ́ wa ni òǹkà.

Òǹkà yẹn, kí ọmọ ilé wa tó mọ orúkọ ara rẹ̀ ló ti mọ̀ ọ́n. Láti òkúta ààlà, kọjú sí góńgó òkè, ọgọ́fà ìṣísẹ̀. Yà sósì, àádọ́rin ìṣísẹ̀. Ibẹ̀ ni. Bí a bá jókòó ti oúnjẹ, Baba á ní ká kọ́kọ́ kà á. Bí a bá ń sunkún, á ní ká sunkún tán ká kà á. Mo lè kà á bí wọ́n bá jí mi lójú oorun.

Ẹ̀gbọ́n mi ló ń rìn ín. Ó ga bí Baba ṣe ga nígbà tó lágbára, bàtà òjò kan náà ni àwọn méjèèjì ń wọ̀. Ó ti rin òǹkà náà tó ìgbà mọ́kànlá. Ibi tó bá parí sí, á ti ọ̀pá irin gígùn bọlẹ̀ kó lè gbọ́ bóyá ó kan òkúta. Kò kàn án. A gbẹ́ ibẹ̀, a gbẹ́ ọ̀tún, a gbẹ́ òsì. Ẹrẹ̀ ni.

Baba jókòó sórí àpótí àlùbọ́sà kan tó dojú bolẹ̀, lábẹ́ abà, ó fi ọ̀pá rẹ̀ sáàárín orúnkún. Gbogbo ohun tó ń sọ láti Ọjọ́rú ò ju méjì lọ: "Ẹ tún un kà," àti "Ilẹ̀ ló ṣí nípò."

"Baba, ilẹ̀ wo ló ń ṣí nípò?" ni mo bi í. "Ṣé ó rí ilé tó dáa jù bẹ́ẹ̀ lọ ni, tó fi kó lọ?"

Mo lọ sí ẹnu géètì, mo wo títì, mo padà. Mo wo aago, aago mẹ́wàá ti kọjá. Mo tún lọ sí géètì. Ẹ̀gbọ́n mi ní bí mo bá fi gbogbo ìrìn tí mò ń rìn yẹn gbẹ́lẹ̀ ni, à bá ti kan odò. Mo ní kó fẹnu ẹ̀ sílẹ̀ kó gbẹ́lẹ̀, mo gbàgbé pé ẹ̀gbọ́n ni. Ó gbẹ́lẹ̀. Òun náà mọ̀ pé ẹ̀rù ló ń bà mí. Obìnrin ọmọ ọdún mọ́kàndínláàádọ́ta ni mí, mi ò mọ iṣẹ́ mìíràn, mi ò mọ ilẹ̀ mìíràn.

Ibẹ̀ la wà tí Ìyá Alálùbọ́sà fi dé. Òun nìkan ló ṣẹ́ kù nínú àwọn obìnrin tó bá ọkọ̀ akẹ́rù wá. Ó ti lé lọ́gọ́rin ọdún, oko rẹ̀ ló ṣìkejì tiwa, omi tó bá gbé wa, á gbé òun náà lọ. Ó dúró létí ilẹ̀, ó ń wo ẹ̀gbọ́n mi tó tún ti ń ka òǹkà, àádọ́ta, mọ́kànléláàádọ́ta, ẹsẹ̀ gbàràgàdà. Ó pòṣé.

"Kí ni gìrìpá yìí ń ṣe?"

"Òǹkà ló ń kà, Mà."

"Ẹsẹ̀ ta ló fi ń kà á?"

Mo wò ó. "Ẹsẹ̀ tiẹ̀ náà ni, Mà. Ẹsẹ̀ ta ni ì bá fi kà á?"

Ìyá Alálùbọ́sà bú sẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ìbàdí mú, ó ní ká má pa òun. "Ẹsẹ̀ ọkùnrin! Níbo lọ́kùnrin wà lọ́jọ́ náà? Ṣebí inú kòtò ni wọ́n wà, omi dé àyà wọn. Ta ló kù lókè tó ń rìn? Àwa ni. Àwa la ru páìpù, àwa la ka ìṣísẹ̀. Ìyá yín ló ka èyí tí ẹ ń wí yẹn. Ẹ̀gbọ́n rẹ wà lẹ́yìn rẹ̀, ìwọ wà nínú rẹ̀, páìpù mẹ́rin wà lórí rẹ̀. Ṣé ìṣísẹ̀ obìnrin tó ru ẹrù mẹ́ta ló máa gùn bíi ti akọ ẹṣin yìí?"

Ẹ̀gbọ́n mi dúró síbi tí nọ́ńbà bá a. Mo yíjú sí abà. Baba ti tẹ orí ba, ó ń fi ọ̀pá fa ilẹ̀.

Èmi kì í pariwo mọ́ bàbá mi. Ẹ bi ẹnikẹ́ni. Ọjọ́ náà, mo pariwo. "Baba! Ṣé ẹ mọ̀?"

"Mo mọ̀."

"Láti Ọjọ́rú?"

"Láti àádọ́ta ọdún."

"Ẹ wá jókòó síbẹ̀ yẹn, ẹ ń wò wá tí a fi gbẹ́ ihò méje?"

Ó gbójú sókè díẹ̀. "Mo rò pé ẹ máa ṣèèṣì kàn án ni," ló wí.

Ọlọ́run ló mọ ohun tó gbé mi ró. Ṣèèṣì! Tìtorí àwòrán ara ògiri, tìtorí kí ẹnikẹ́ni má baà mọ̀ pé kì í ṣe òun ló wọn àbàtà, ó fẹ́ kí gbogbo wa rì. Ọdún kẹsàn-án rèé tí ìyá wa ti kú. Lọ́jọ́ tí a sin ín, ẹnì kan láti kánsù dìde, ó pè é ní "ìyàwó ẹni tó wọn àbàtà," mo sì lọ bá a lẹ́yìn náà, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ pé ó sọ ọ̀rọ̀ tó dáa. Mo dúpẹ́, ẹ gbọ́ ná! Bí mo ṣe rántí ọpẹ́ yẹn, ara mi gbóná láti àtẹ́lẹsẹ̀.

Ìyá Alálùbọ́sà ní, "Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a. Ọmọ yìí, dákẹ́ ariwo, lọ gbé páìpù. Ìwọ lo jọ ọ́."

Lóòótọ́, mo kúrú bí ìyá mi ṣe kúrú. Páìpù àtijọ́ tó ṣẹ́ kù wà lẹ́yìn abà, koríko ti bò ó. Mo ká gèlè mi bí òṣùká, ẹ̀gbọ́n mi gbé mẹ́rin rù mí. Ó wúwo o! Ọrùn mi dún. Mo lọ sídìí òkúta ààlà, mo kọjú sí góńgó òkè, mo bẹ̀rẹ̀ sí kà, mò ń tẹ ilẹ̀ bí ẹni tó ń tẹ ejò pa. Ọgọ́fà. Mo yà sósì. Àádọ́rin. Ó jìnnà sí àwọn ihò tí a ti gbẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi ti ọ̀pá bọlẹ̀. Kò kan nǹkan kan. Ó tì í bọ ọ̀tún, ó tì í bọ òsì, ó tì í bọ iwájú. Ẹrẹ̀ ni.

Aago mọ́kànlá ààbọ̀ ti lù. Ó ku díẹ̀ kí n da páìpù sílẹ̀ kí n dùbúlẹ̀ sínú omi, kí kánsù wá kó èmi náà pọ̀ mọ́ ilẹ̀.

"Kò rìn báyẹn."

Baba ni. Ó ti kúrò lábẹ́ abà, ó ti wọ inú ẹrẹ̀ wá tòun ti sílípáàsì inú ilé lẹ́sẹ̀, ọ̀kan ti bọ́ sọ́nà. Ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ dì í mú, ó ní kó fi òun sílẹ̀.

"Ìbínú lo fi ń rìn," ló wí fún mi. "Ìyá rẹ ò bínú lọ́jọ́ náà. Ó rẹ̀ ẹ́ ni. Oyún rẹ ti wọ oṣù keje. Bó bá rin mẹ́wàá, á dúró, á mí. Bó bá tún gbéra, ẹsẹ̀ méjì àkọ́kọ́ kì í ju báyìí lọ." Ó fi ọwọ́ méjèèjì wọn ọ́n fún mi nínú afẹ́fẹ́. Kò gùn ju igi ìdáná kékeré lọ.

"Báwo lẹ ṣe mọ gbogbo ìyẹn?"

"Inú kòtò ni mo wà," ni Baba wí. "Ẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan ni mò ń rí láti àárọ̀ dalẹ́."

Mo padà sídìí òkúta ààlà. Baba dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó fi ọ̀pá ti ara rẹ̀, ó ń kà á sókè. Bó bá pé mẹ́wàá, á ní, "Dúró. Mí." Èmi tí mi ò lè dúró lójú kan, mo dúró, mo mí. Á ní, "Ó yá. Kúrú sí i. Kúrú sí i, mo ní." Nígbà kan ó ní, "Ibí ló ti gbé ẹ̀gbọ́n rẹ pọ̀n dáadáa," a sì dúró pẹ́ díẹ̀ níbẹ̀. Ọrùn mi ń ro mí, orúnkún mi tí kò dáa tẹ́lẹ̀ ń dún kẹ́kẹ́. Mò ń ronú pé obìnrin yìí ṣe èyí láti ìdájí títí oòrùn fi wọ̀, ọ̀pọ̀ ọjọ́, kò sì sọ fún mi rí. Omi ń bọ́ lójú mi, mi ò sì rọ́wọ́ nù ún nítorí páìpù.

Nígbà tó pé àádọ́rin, ẹ̀gbọ́n mi ti ọ̀pá bọlẹ̀ níwájú ẹsẹ̀ mi.

Ó dún kó.

Ẹ ò rí ìgbẹ́lẹ̀! Mo ju páìpù sílẹ̀, ọ̀kan fọ́, kò kàn mí. A fi ṣọ́bìrì gbẹ́ ẹ, a fi ọwọ́ wa ẹrẹ̀. Òkúta pẹlẹbẹ náà jáde, a fi irin gbé e sókè. Gbòǹgbò igi ló ti kún inú àpótí náà bámúbámú bí irun orí wèrè. Ẹ̀gbọ́n mi dùbúlẹ̀, ó ki apá bọ̀ ọ́ dé èjìká, ó ń fà á tu, ó ń bú u. Lójijì, nǹkan kan gbin nínú ilẹ̀. Omi bẹ̀rẹ̀ sí pòyì, ó ń wọlẹ̀ lọ. Ìyá Alálùbọ́sà ń pàtẹ́wọ́, ó ń pe orúkọ àwọn òkú ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan pé kí wọ́n wá wò ó.

Bí awọnlẹ̀ ṣe bá wa nìyẹn. Mo ti ń retí ọkùnrin ńlá kan tó máa wú ikùn; ọ̀dọ́mọbìnrin kan ni, bàtà òjò rẹ̀ ṣì mọ́ tónítóní, ó gbé fáìlì há abíyá. Ó kí Baba tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ó wo omi tó ń lọ, ó wo inú àpótí bíríkì, ó gbé ẹ̀rọ rẹ̀ kalẹ̀, ó wọn ibẹ̀ síwá sẹ́yìn, ó ya àwòrán. Ó ní òun ò rí irú iṣẹ́ báyìí rí. Ó ní ilẹ̀ tó ń gbẹ ni, pé kò sí wàhálà. Mo fẹ́ẹ̀ dì mọ́ ọn tòun ti ẹrẹ̀.

"Ó ku nǹkan kan, Baba," ló wí. "Mo gbọ́dọ̀ kọ orúkọ ẹni tó wọn ọ́n sórí àwòrán náà."

Baba fi ọ̀pá mọ́lẹ̀ dáadáa. "Kọ orúkọ ìyàwó mi," ló wí. "Òun ló wọn ọ́n." Ó dá orúkọ náà pè. Ọjọ́ tí mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀ gbẹ̀yìn, ojú oórì la wà.

Awọnlẹ̀ ṣí fáìlì. Ó tú u lọ, ó tú u bọ̀. Ojú rẹ̀ yí padà.

"Baba, orúkọ yín ló wà níbí. Wọ́n kọ ọ́ pé ẹ̀yin lẹ wọn ọ́n, ìtẹ̀ka yín nìyí. Ẹni tó wọn ọ́n ni àdéhùn fún nílẹ̀. Bí mo bá kọ orúkọ ẹlòmíràn, ó di dandan kí fáìlì padà sí kánsù, wọ́n á tún ọ̀rọ̀ náà gbọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀. Àwọn kan wà níbẹ̀ tó ti ń wá ilẹ̀ yìí tipẹ́, mi ò lè fi yín lọ́kàn balẹ̀." Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ní ẹ̀yin ni, mà á fọwọ́ sí i báyìí, ó parí."

Baba wo omi. Ó wo ẹ̀gbọ́n mi. "Ọmọ mi," ló wí fún awọnlẹ̀, "mo ti di irọ́ yìí mú pẹ́. Ó ti sú mi. Mo fẹ́ kí o kọ—"

"Baba, ẹ sọ pé ẹ̀yin ni."

Èmi ni. Ẹnu tèmi ló ti jáde. Òṣùká ṣì wà lórí mi. Ẹ̀gbọ́n mi yíjú sí mi bí ẹni tí kò mọ̀ mí rí. Ìyá Alálùbọ́sà kọ̀yìn sí wa, ó ń wo ọ̀nà oko rẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, Baba," ni mo tún wí. "Ẹ sọ pé ẹ̀yin ni, kó fọwọ́ sí i."

Baba wò mí pẹ́. Kò bínú, ì bá sàn fún mi ká ní ó bínú. Lẹ́yìn náà ó kọjú sí awọnlẹ̀, ó ní, "Èmi ni." Awọnlẹ̀ kọ ọ́, ó fọwọ́ sí i, ó lu òǹtẹ̀, ó kí wa, ó bá tiẹ̀ lọ. Oko di tiwa.

A dúró síbẹ̀. Kò sẹ́ni tó yọ̀. Mi ò lè gbójú sókè, mò ń wo ẹsẹ̀ mi nínú ẹrẹ̀.

"Baba, ẹ má bínú," ni mo wí.

"Lọ́jọ́ tí ọ̀gá kánsù àkọ́kọ́ wá," ni Baba wí, "mo sọ fún un pé ìyàwó mi ló wọn ọ́n. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní òun ò lè kọ orúkọ obìnrin sínú fáìlì ilẹ̀, pé bí n kò bá ní orúkọ mìíràn, kí á máa di ẹrù wa. Ìyá rẹ dúró lẹ́yìn mi. Ó ní, 'Ẹ sọ pé ẹ̀yin ni.' Bó o ṣe sọ ọ́ yẹn gẹ́lẹ́ ló ṣe sọ ọ́."

Mo bi í, "Baba, ṣé ó dùn ún?"

Ó ń wo omi tó ń wọlẹ̀ lọ.

"Mi ò bi í léèrè," ló wí.